Ta Ni Yóò Máa Tọ́jú Káàdì Wa Tí Ó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà?

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, obìnrin kan tí ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Ọ̀yìngbò gbé ọmọ rẹ̀ wá sí ilé ìpoògùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ara ọmọ náà gbóná bí iná. Mo ní, "Ìyá Bọ̀dé, káàdì ọmọ dà?" Ó ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú o. Níbi tí a ti ń gba ìtọ́jú tẹ́lẹ̀, wọ́n ní inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo káàdì wà nísinsìnyí, ni mo bá fi èyí tí ó wà lọ́wọ́ mi dá iná." Gbogbo àwọn tí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé lálẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé a ń lo káàdì láti fi gba owó lọ́wọ́ àwọn ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Káàdì ni ìrántí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tí ó ti rí ọgọ́ta aláìsàn láti òwúrọ̀ kò lè rántí pé ọmọ tiyín ni gìrì mú ní ọdún tí ó kọjá, tàbí pé ẹ̀jẹ̀ ìyàwó yín jẹ́ AS, tàbí pé ẹ̀jẹ̀ baba yín ti ń ru láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Káàdì ni yóò rántí. Bí káàdì bá jẹ́ ti ìwé, eku ń jẹ ẹ́, ẹni tí ó bá sì mọ Èbúté Mẹ́tà ní ìgbà òjò mọ ohun tí omi ń ṣe sí ìwé. Nítorí náà n kò bá kọ̀ǹpútà jà rárá. Ó ń wá orúkọ jáde kí a tó ṣẹ́jú, ó sì lè sọ fún mi ní òwúrọ̀ pé àwọn ọmọ báyìí báyìí kò wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn. Ìtọ́jú kọ̀ǹpútà náà ni ó ń kọ mí lóminú.

N ó sọ ohun tí ojú mi rí. Kí n tó dé Ọ̀yìngbò, mo ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Ọ̀gá ibẹ̀ ra ètò kọ̀ǹpútà kan lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. (Ètò ni àwọn ìlànà tí a kọ fún kọ̀ǹpútà láti tẹ̀ lé, láìsí i, àpótí lásán ni kọ̀ǹpútà.) Ètò náà dára ní ọdún kìíní. Ní ọdún kejì, àwọn tí ó tà á fi kún owó ọdọọdún. Ní ọdún kẹta, a kò gbúròó wọn mọ́, fóònù wọn kò sì lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan a tan kọ̀ǹpútà, ó ní àṣẹ wa ti tán, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ káàdì gbogbo aláìsàn wa. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni obìnrin kan wọlé tí ó ní oògùn kan wà tí òun lò rí, tí ara òun fi bó, tí ẹnu òun fi wú. Kò mọ orúkọ oògùn náà. Ó ní, "Ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ níbí." Lóòótọ́ ni, ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. A kò lè kà á.

Àwọn oògùn tí ó ní sulfa nínú a máa ṣe irú èyí sí ara àwọn ẹlòmíràn, bí wọ́n bá sì tún un lò, ó lè pa wọ́n. Dókítà ní láti yàgò fún gbogbo ohun tí ó jọ ọ́, kí ó fi èyí tí ó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ tọ́jú obìnrin náà. Ọlọ́run yọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti ń bèèrè níbikíbi tí mo bá dé pé, ta ni kọ́kọ́rọ́ àpótí yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni ó mú mi mọ irú ètò kejì. Ẹ rántí àwọn oníṣègùn àtijọ́. Ọ̀kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ewé tí òun ń já. Ní ọjọ́ tí ó bá kú, oògùn náà bá a lọ. Òmíràn wà tí ó ń kọ́ ọmọ ogún, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ń fi èyí tí ó rí ní ìlú tirẹ̀ kún un. Ètò tí a tì pa dà bí oògùn ti èkíní. Èyí tí ojú rẹ̀ là, tí àwọn òyìnbó ń pè ní open source, dà bí oògùn ti èkejì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà lè ka ìlànà tí a fi ṣe é, ó lè mú un lò láìsan owó àṣẹ, ó lè tún un ṣe, ó sì lè fún ẹlòmíràn ní èyí tí ó tún ṣe náà.

Ẹ má ṣe gbọ́ ọ ní òdì o! Ìlànà ètò náà ni ó ṣí sílẹ̀, kì í ṣe káàdì yín. Gbogbo alágbẹ̀dẹ ni ó lè mọ bí a ti ń rọ àgádágodo, ṣùgbọ́n èyí kò fi kọ́kọ́rọ́ ilé yín lé wọn lọ́wọ́. Òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 sọ pé àṣírí ni ohun tí ó wà nínú ìwé aláìsàn, yálà inú ìwé ni a kọ ọ́ sí tàbí inú kọ̀ǹpútà.

Kí ẹ má sì ṣe rò pé ohun tuntun tí ó ti òkè òkun dé lánàá ni èyí. Ilé-Ifẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ láti 1989. Ní ọdún náà, àwọn olùkọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù ìkọ́ni ibẹ̀, àti àwọn ará Yunifásítì Kuopio ní ilẹ̀ Finland pa ọwọ́ pọ̀. Kì í ṣe orí ilẹ̀ òfìfo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọsibítù tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń tọ́jú àwọn ológun tí ó ti fẹ̀yìn tì ní ètò kan, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ inú ọsibítù wọ̀nyí fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí kọ díẹ̀díẹ̀ ní nǹkan bí 1977, nígbà tí àwọn ọ̀gá wọn ní Washington kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Owó ìlú ni a fi ṣe é, nítorí náà ó di ohun tí ẹnikẹ́ni lè mú lò. Àwọn ará Ifẹ̀ mú àwọn irinṣẹ́ inú rẹ̀, wọ́n fi gbé ètò tiwọn kalẹ̀ tí ó ń kọ orúkọ aláìsàn, ọjọ́ tí a gbà á wọlé, àìsàn tí a bá lára rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó padà sílé. Nígbà tí ó yá wọ́n sọ ọ́ ní MINPHIS, orúkọ tí ó sọ gbangba pé Nàìjíríà ni a ti ṣe é. Ní 1993, Ilé-Ifẹ̀ yìí kan náà ni àpérò HELINA àkọ́kọ́ ti wáyé, níbi tí àwọn ará Áfíríkà ti jíròrò lórí kọ̀ǹpútà àti ìlera.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé àwọn tí ó kọ ètò náà àti àwọn tí ń lò ó wà ní ìlú kan náà. Bí akọ̀wé ibi káàdì bá ní ibí yìí kò dára, ó lè rìn lọ bá ẹni tí yóò tún un ṣe. Ní 2010, Yunifásítì Kuopio darapọ̀ mọ́ yunifásítì mìíràn, orúkọ náà sì kúrò nílẹ̀. Báyìí ni alábàáṣe tí ó wà lókèèrè rí. Ó lè yí padà nígbàkúùgbà láìṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà nílé ni yóò ṣẹ́kù.

Èyí tí ó gbilẹ̀ púpọ̀ ní Áfíríkà lónìí ni OpenMRS. Ní 2001, àwọn dókítà láti ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà àti àwọn ará Yunifásítì Moi ní Kenya ṣe ètò kékeré kan fún ilé ìwòsàn ìgbèríko ní Mosoriot. Nígbà tí àwọn tí ń gba oògùn HIV di ọ̀pọ̀, ètò kékeré náà kò gbà á mọ́, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ OpenMRS ní 2004. Ní 2006, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Eldoret, ó sì dé Rwanda ní ọdún kan náà. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò le. Àárín rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo. Orúkọ àìsàn, ti àyẹ̀wò àti ti oògùn wà nínú ohun kan tí ó dà bí ìwé atúmọ̀ èdè. Bí àìsàn tuntun bá dé, a kàn máa kọ orúkọ rẹ̀ kún un ni, a kò ní wó ilé kí a tó tún un kọ́. Ohun tí ìlú kọ̀ọ̀kan bá sì fẹ́, a ń so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni fi yàrá kún ilé.

Gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì, èyí tí ó wú mi lórí jù ni ti Kerry Town ní Sierra Leone nígbà àjàkálẹ̀ Ebola ti 2014 sí 2015. Ìwé tí ó bá wọ ibi tí aláìsàn Ebola wà kò gbọ́dọ̀ jáde mọ́, nítorí àìsàn lè bá a jáde. Ẹ wo ìyọnu náà! Nọ́ọ̀sì á wọ aṣọ tí ó bo gbogbo ara, ooru á mú un, á sì ní láti há ohun tí ó kọ sórí. Wọ́n wá lo OpenMRS, wọ́n fi tábúlẹ́ẹ̀tì tí omi kò lè bàjẹ́ kún un, ọ̀rọ̀ sì ń jáde láìsí pé ìwé jáde. Bí ojú ètò náà kò bá là ni, ta ni wọn ìbá kọ lẹ́tà sí láti tọrọ àyè, nígbà tí ènìyàn ń kú lójoojúmọ́?

Ní Nàìjíríà, orí OpenMRS yìí ni a kọ́ NMRS lé, èyí tí a fi ń kọ àkọsílẹ̀ àwọn tí ń gba ìtọ́jú HIV. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Gbogbo Yorùbá ni ó mọ òwe tí a fi ń pa wá níbí, pé ọjà Ọ̀yìngbò kì í mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Ọjà ètò kọ̀ǹpútà yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀! Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣoṣo ni ó mọ bí a ti ń tún apá ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣe, tí ó sì gba físà lọ sí Kánádà, apá náà á dákẹ́. Ewu mìíràn wà tí àwọn ọ̀gá kì í fẹ́ gbọ́. Orílẹ̀-èdè kan lè mú ètò náà, kí ó gé àárín rẹ̀ bí ó ti wù ú, kí ó má sì dá ohun tí ó tún ṣe padà fún àwọn yòókù. Yóò dùn fún ọdún méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn yòókù bá ti dí ihò tí àwọn olè ń gbà wọlé, tí wọ́n ti fi ohun tuntun kún un, tirẹ̀ kò ní lè gbà á mọ́, nítorí kò bá tiwọn mu mọ́. Òun nìkan ni yóò máa tọ́jú gbogbo rẹ̀.

Ètò náà jẹ́ ọ̀fẹ́ lóòótọ́, bí kànga ẹ̀rọ tí olóṣèlú gbẹ́ fún àdúgbò ti jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ̀yin náà mọ ìyókù. Ní ọjọ́ tí pọ́ǹpù bá jóná, àdúgbò tí ilé kọ̀ọ̀kan ti ń dá owó díẹ̀ sílẹ̀ á tún tirẹ̀ ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Àdúgbò kejì á padà sọ́dọ̀ oníkẹ̀kẹ́ omi.

Pọ́ǹpù tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná ní 2025. Owó Amẹ́ríkà, láti inú ètò PEPFAR tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ni ó ń gbé èyí tí ó pọ̀ nínú iṣẹ́ HIV wa. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní 2025, ìjọba tuntun ibẹ̀ dá owó ìrànlọ́wọ́ òkè òkun dúró. Lẹ́yìn náà wọ́n yọ̀ǹda fún ìtọ́jú tí ń gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n jìnnìjìnnì ti mú àwọn aláìsàn. Ní oṣù kejì, ìjọba àpapọ̀ wa fọwọ́ sí bílíọ̀nù 4.8 náírà láti fi ra oògùn HIV, àwọn aṣòfin sì fi 200 mílíọ̀nù dọ́là kún owó ìlera ọdún náà. Inú mi dùn, mo sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n oògùn nìkan kọ́ ni ìtọ́jú. Ẹnì kan ní láti jókòó nídìí kọ̀ǹpútà kí ó mọ ẹni tí oògùn rẹ̀ yóò tán ní ọjọ́bọ̀ yìí, ẹnì kan sì ní láti tún kọ̀ǹpútà náà ṣe bí ó bá kọṣẹ́. Owó oṣù àwọn wọ̀nyí kì í gba ìyìn nínú ìwé ìròyìn, bẹ́ẹ̀ ni kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó oògùn.

Kí ni ó kan ẹ̀yin tí ẹ wà nílé? Ó kàn yín púpọ̀. Wọ́ọ̀dù yín ní ìgbìmọ̀ ìlera. Bí wọ́n bá pe ìpàdé, ẹ lọ. Ẹ bèèrè bóyá owó wà lọ́dọọdún fún ìtọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn, kì í ṣe fún rírà rẹ̀ nìkan. Ẹ bèèrè ẹni tí ó lè tún un ṣe, àti ibi tí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wà bí olè bá gbé kọ̀ǹpútà lọ. Ẹ bèèrè pé, bí a bá fẹ́ fi ètò mìíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́la, ǹjẹ́ a lè kó káàdì wa jáde? Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n rà á.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yábàá, ẹ sọ fún un pé OpenMRS ń gba ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́. Láti 2007 ni ó ti ń kópa nínú ètò tí Google fi ń san owó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti kọ irú ètò báyìí, ọmọ náà kò sì ní láti kúrò nílé baba rẹ̀.

Ẹ sì ran àwa tí a wà nídìí káàdì lọ́wọ́. Ẹ máa sọ orúkọ kan náà. Ẹni tí ó jẹ́ Ìyá Bọ̀dé lónìí, tí ó di Ìyáàfin Àjàyí lọ́la, tí ó tún lo orúkọ baba rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, á ní káàdì mẹ́ta nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni yóò sì sọ pé oògùn báyìí kò bá a lára mu. Ẹ ra ìwé kékeré kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé, kí ẹ sì ní kí nọ́ọ̀sì kọ orúkọ oògùn, ọjọ́ tí a lò ó, àti èyí tí kò gbọdọ̀ lò mọ́ láé.

Ní ti ọmọ Ìyá Bọ̀dé, a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, a bá ibà níbẹ̀, a sì fún un ní oògùn ọjọ́ mẹ́ta. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tuntun. Ìyá rẹ̀ ka orúkọ oògùn náà sókè lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó fi ìwé náà há abẹ́ ìró rẹ̀, ó sì pọn ọmọ padà sídìí ẹ̀fọ́.