Wàrà Ọjọ́ Iléyá: Èyí Tí A Ó Rà, Ohun Tí A Ó Fi Jẹ Ẹ́, àti Ìmọ́tótó Rẹ̀

Iléyá tún ti ń súnmọ́, àwọn ìyá Àsàlátù sì ti ń bi mí léèrè nípa wàrà. Wọ́n fẹ́ kí àwo wàrà wà lórí tábìlì níbi àpèjẹ tí mọ́sáláṣí máa ń ṣe lẹ́yìn tí a bá ti Yídì dé, torí àwọn ọmọ wa tó ń wálé láti òkè òkun máa ń béèrè rẹ̀ ju ẹran àgbò lọ. Mo gbà pé kó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ èyí tí ẹ máa rà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú wa rí ní Iléyá ọdún méjì sẹ́yìn. Èmi gan-an ni mo ra wàrà ọjọ́ náà.

Aago 7 àárọ̀ ni mo rà á lọ́wọ́ ìyá Fúlàní kan tó máa ń tà lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí. Ó ṣì gbóná, omi rẹ̀ mọ́. Mo gbé e fún àwọn tó wà nídìí oúnjẹ, mo bá lọ kírun. Wọ́n gé e, wọ́n kó o sínú ike, wọ́n dé e pa. Lẹ́yìn ìyẹn, àgbò gba gbogbo ọwọ́, kò sẹ́ni tó rántí wàrà mọ́. Aago 2 ọ̀sán ti kọjá kí wọ́n tó dín in. Kó tó di Mọ̀gàríbì, èèyàn mẹ́sàn-án ti ń bì, inú ń run wọ́n, aboyún kan sì wà nínú wọn. Wọ́n fa omi sí àwọn méjì lára. Ọlọ́hun bá wa ṣe é, ara gbogbo wọn yá lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ tó wá gba ẹnu gbogbo èèyàn ni pé ìyá Fúlàní ló fi oúnjẹ ẹlẹ́gbin tà fún wa. Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí mọ́. Mo dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ń dùn mí di òní, torí apoògùn ni mí, ó yẹ kí n mọ̀ pé ẹjọ́ náà kò tọ́.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe wàrà. Wọ́n á gbé mílíìkì màlúù ka iná díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á gún ewé tàbí igi bomubomu, wọ́n á pò ó mọ́ mílíìkì díẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì dà á sínú ìkòkò. Oje bomubomu yìí ló ń mú kó dì. Wọ́n á wá jẹ́ kó hó dáadáa títí wàrà yóò fi yà kúrò lára omi, kí wọ́n tó bù ú sínú agbọ̀n kékeré kí omi rẹ̀ lè ro. Híhó yẹn ló ń pa àwọn kòkòrò tó lè wà nínú mílíìkì tútù, bí èyí tó ń fa ikọ́ fée àti èyí tó ń fa bùrùsẹ́lọ́sìsì, ìyẹn ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, tí àwọn èèyàn máa ń pè ní ibà ẹ̀fọn, tí wọn á máa lo oògùn ibà sí i láìsàn. Nípa èyí, wàrà tó hó dára ju nọ́nò tí wọn kò sè lọ. Ẹ má gbé irú nọ́nò bẹ́ẹ̀ sórí tábìlì aboyún, ọmọdé àti arúgbó.

Kí ló wá ṣe wá? Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus aureus. Inú imú àti awọ ara èèyàn ló máa ń gbé, kódà lára ẹni tí kò ṣàìsàn. Ọwọ́ la fi ń gbé e sínú oúnjẹ. Bí oúnjẹ náà bá wà nínú ooru fún wákàtí mélòó kan, kòkòrò yìí á pọ̀ sí i, á sì tu oró sínú rẹ̀. Iná lè pa kòkòrò náà, ṣùgbọ́n kò ní pa oró tó ti tu sílẹ̀. Ìdí nìyí tí dídín tí a dín in kò fi gbà wá. Láàárín ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí 8 ni èébì rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀, bó sì ṣe rí nìyẹn. A kò ṣe àyẹ̀wò láábù, ṣùgbọ́n àkókò rẹ̀ àti bó ṣe mú wọn bá a mu. Ká tiẹ̀ ní ọwọ́ ìyá náà ló kó o débẹ̀, bí a bá jẹ wàrà yẹn ní gbígbóná, kò bá má rí àyè pọ̀. Wákàtí méje tó lò nínú ike, ọ̀dọ̀ wa ló ti lò ó.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń ra wàrà, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n sè é. Èyí tó ṣì gbóná nínú omi rẹ̀ ni kí ẹ mú. Kò gbọdọ̀ yọ̀ lọ́wọ́, kò sì gbọdọ̀ rùn kíkan. Bó bá korò díẹ̀, bomubomu ló pọ̀ jù, kò bàjẹ́. Ẹ gbé abọ́ mímọ́ tó ní ìdérí lọ, kí wọ́n sì fi ìpọn bù ú. Bí ẹ bá délé, ẹ tún un sè nínú omi àti iyọ̀ díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Láti ìgbà yẹn, wákàtí 2 péré ló lè lò níta. Bí oòrùn bá mú gan-an, kó má ju wákàtí 1 lọ. Èyí tó bá kù, kó wọ fíríìjì. Fíríìjì tí kò ní iná, kọ́bọ́ọ̀dù ni o.

Ọ̀bẹ àti pákó tí wọ́n fi gé ẹran àgbò kò gbọdọ̀ kan wàrà. Ẹ ya ti wàrà sọ́tọ̀ láti àárọ̀, kí ẹni tó ń kun ẹran má sì jẹ́ ẹni tí yóò gé e.

Ní ti ohun tí a ó fi jẹ ẹ́, wàrà funfun kò ní adùn púpọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí náà ohun dídùn ló yẹ ẹ́. Dàbínù tí a la sí méjì àti oyin díẹ̀ bá a mu gan-an (ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin). Èyí tí a dín, àlùbọ́sà tútù, tòmátò àti yàjì ni tirẹ̀, kí sóbò tútù tí ṣúgà rẹ̀ kò pọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ní ará ní Parakou, ẹ ní kó bá yín mú wàgásì wá láti Benin. Àwọn kan máa ń fi awọ pòpórò ọkà bàbà pa á láró pupa. Ó le ju tiwa lọ, kì í fọ́ nínú ọbẹ̀, wọ́n sì máa ń fi í rọ́pò ẹran níbẹ̀.

Àwọn kan yóò ra wàràkàsì òyìnbó. Ẹ ka ara páálí rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń mú òmíràn dì, inú ikùn ọmọ màlúù ni wọ́n ti ń mú un. Bí ẹ bá rí «animal rennet» tí ẹ kò mọ bí wọ́n ṣe pa ẹran náà, ẹ bi Lèmọ́mù yín. Bomubomu kò ní wàhálà yẹn. Iyọ̀ ti òyìnbó sábà máa ń pọ̀, kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru fọwọ́ dẹ̀ ẹ́. Ẹni tó sì ń lo tetracycline tàbí ciprofloxacin, kó má lò ó pọ̀ mọ́ wàrà kankan, torí kálísíọ̀mù inú wàrà kì í jẹ́ kí oògùn náà wọ ara dáadáa.

Aboyún lè jẹ wàrà, ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí iná wá ni kó jẹ, kó má jẹ tútù tó ti sùn mọ́jú. Kòkòrò tó ń jẹ́ Listeria máa ń pọ̀ sí i nínú fíríìjì pàápàá, ó sì lè ba oyún jẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wá ìyá Fúlàní náà lọ sọ́jà, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ti sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ fún àwọn àgbà mọ́sáláṣí. Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí pé agbọ̀n mélòó la fẹ́. Mo ní kó gbé ogún wá, ṣùgbọ́n kó má gbé e dé kí a tó ti Yídì dé. Ó ní kò burú, òun náà á ti kírun tán nígbà yẹn.