Ihò Tí Yìnyín Ń Gbẹ́ Sínú Amọ̀

Ilé iṣẹ́ tó ń sun táìsì wà nínú ọgbà okòwò Ogun-Guangdong ní Ìgbẹsà. Ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀ ni kí táìsì le, kí ó má fa omi. Ṣùgbọ́n amọ̀ oníhò náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: a fi ń sẹ́ omi, a fi ń sẹ́ èéfín, àwọn oníṣègùn sì ń wá irú rẹ̀ tí eegun lè hù gba inú rẹ̀. Yìnyín lè gbẹ́ ihò náà fún wa. Wọn a po ìyẹ̀fun amọ̀ mọ́ omi, wọn a gbé e sórí irin tútù kí ó lè dì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bí yìnyín bá ń hù, kì í gba ìyẹ̀fun mọ́ra. Ńṣe ló ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, títí ìyẹ̀fun yóò fi fún pọ̀ di ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín yìnyín kan àti èkejì. Lẹ́yìn náà, wọn a fa afẹ́fẹ́ kúrò kí yìnyín lè di oru láìyọ́, wọn a wá sun ohun tó kù nínú iná. Ibi tí yìnyín wà ló di ihò. Èyí tó bá yára dì, ihò rẹ̀ a kéré. Èyí tó bá falẹ̀, ihò rẹ̀ a fẹ̀. Ní 2006, Sylvain Deville àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lawrence Berkeley National Laboratory ní Amẹ́ríkà fi hàn nínú ìwé ìròyìn Science pé ọ̀nà yìí lè to amọ̀ ní ìpele-ìpele bíi ti ìkarahun inú òkun.

Wọ́n lè bi wá pé, ṣé ìyẹ̀fun pákó kò tó ni? Fún omi mímu, ó tó. Asẹ́ tí ẹgbẹ́ Potters for Peace tàn káyé, amọ̀ àti ìyẹ̀fun pákó ni: iná a jó pákó, ihò a sì ṣẹ́ kù. Ron Rivera, tó fi ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà, kú ní 2008 nípasẹ̀ ibà tó kó ní Nàìjíríà, níbi tó ti ń dá ilé iṣẹ́ asẹ́ sílẹ̀. N kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó fi yìnyín rọ́pò pákó nínú irú asẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ihò pákó kò ní ojú ọ̀nà: òmíràn ṣe kọ́lọkọ̀lọ, òmíràn kò já síbi kankan. Níbi tí ihò ti gbọ́dọ̀ tò lọ gbọnrangandan, pákó kò lè ṣe é.

Àtakò tó wúwo jù ni ti iná mànàmáná, nítorí dídì àti fífa afẹ́fẹ́ ń jẹ iná púpọ̀. Àtakò yìí ní èsì. Ní 2004, Kiyoshi Araki àti John Halloran ní University of Michigan fi èròjà kan tó ń jẹ́ camphene rọ́pò omi. Bí ooru ilé ṣe rí ló ti ń dì, torí ooru gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n Celsius 50 kó tó yọ́, ọ̀sán Ìgbẹsà kì í sì gbóná tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tó bá dì, a máa fò lọ fúnra rẹ̀ bíi káfúrà inú àpótí aṣọ. Ó ń gbiná lóòótọ́, nítorí náà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa ni kí wọ́n ti lò ó. Iná tó ń sun amọ̀ ti wà ní Ìgbẹsà, Crawford University sì wà níbẹ̀. Kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀.