KÍ ỌKỌ̀ ÒFÚRUFÚ TẸ́JÚ KÍ A TÓ WỌ̀N Ọ́N

Ẹ̀yin olùkàwé wa ní Ìkirè àti Apòmù, ẹ mọ̀ bí a ti í wọn kòkó. Bí ìwọ̀n bá dúró lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àgbẹ̀ wo ni yóò gba iye tí ó fi hàn? Ní ti kòkó, owó ni ó lè sọnù. Ní ti ọkọ̀ òfúrufú, ẹ̀mí ènìyàn ni.

Káàkiri ayé ni àwọn ènìyàn gbé ń fi ọwọ́ ara wọn kan ọkọ̀ òfúrufú kékeré. Nàìjíríà pẹ̀lú ní ìpín nínú rẹ̀. Ní Kàdúná, ilé iṣẹ́ AIEP, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1979, ṣe Air Beetle fún kíkọ́ àwọn awakọ̀ ọmọ ogun òfúrufú. Àpẹẹrẹ tí wọ́n tẹ̀ lé ni RV-6A, èyí tí Richard VanGrunsven ará Amẹ́ríkà yàwòrán rẹ̀ fún àwọn tí ń kan ọkọ̀ fúnra wọn.

Nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá parí, ó di dandan láti mọ ibi tí ìwúwo rẹ̀ gbé fìdí kalẹ̀. A óò tì í wọ inú ilé, kí afẹ́fẹ́ má ba à mì í. A óò sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé orí ìwọ̀n mẹ́ta. Nígbà náà ni a óò gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì káfíńtà lé ibi tí ayàwòrán ti là sílẹ̀, ní gígùn àti ní ìbú, tí a óò sì máa fi pákó pẹlẹbẹ tẹ́ abẹ́ ẹsẹ̀ tí ó rẹlẹ̀, títí ọkọ̀ yóò fi tẹ́jú. Okùn tí a so irin mọ́ nídìí, irú ti àwọn bíríkìlà, ni a óò fi mọ bí ẹsẹ̀ wọ̀nyí ti jìnnà síra tó.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ẹsẹ̀ iwájú gbé kílò 100. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì gbé 200 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ jẹ́ 500. Mítà 1.5 ni ó wà láàrin iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ fi 1.5 sọ 400 di púpọ̀, ó di 600. Ẹ pín in sí ọ̀nà 500, ó di 1.2. Nítorí náà, mítà 1.2 sí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú ni ìwúwo náà gbé jókòó.

Ṣùgbọ́n bí imú ọkọ̀ bá tẹ̀ sílẹ̀ nígbà ìwọ̀n, ìwúwo yóò rọ́ síwájú. Àpapọ̀ 500 kò ní yí padà, ẹnikẹ́ni kò sì ní fura. Síbẹ̀ ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ wúwo jù yóò farahàn bí èyí tí ó dára. Lókè ni àṣírí yóò tú: imú yóò máa gbé sókè, awakọ̀ sì lè má rí agbára mú un wálẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, kí a tó béèrè iye tí ẹrù wọ̀n, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè bí ó bá dúró déédéé.