Obìnrin Tó Ní Làkúrègbé Lè Bímọ, Ṣùgbọ́n Ó Ní Ètò

Ní ilé wa ní Mayfair, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló máa ń kọ́kọ́ jí, síbẹ̀ àwọn ló máa ń pẹ́ jù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Aránṣọ ni wọ́n. Láàárọ̀, ìka ọwọ́ wọn méjèèjì á wú, á gan, wọn ò ní lè di àlùmọ́gàjí mú títí oòrùn á fi mú. Ọmọ ọdún 27 ni wọ́n nígbà náà. Àwọn aládùúgbò ní làkúrègbé ni, pé kí wọ́n lọ fi àdí àti òrí pa á.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan lè gba ìtumọ̀ púpọ̀ mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ ni làkúrègbé rí. Orúnkún tó ń ro ìyá àgbà nítorí ọjọ́ orí wà nínú rẹ̀, àìsàn ẹ̀gbọ́n mi náà wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Rheumatoid arthritis ni àwọn dókítà ń pe tiwọn. Ètò ààbò ara, tó yẹ kó máa gbógun ti kòkòrò àrùn, ló ṣìnà, tó ń bá oríkèé ara jà. Ó ń mú obìnrin ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ju ọkùnrin lọ, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ọjọ́ orí ọmọ bíbí.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní 1968, Brian Greenwood, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, kọ ọ́ sínú The Lancet pé ó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ó rò pé àwọn àrùn bí ibà tó ń bá wa fínra láti kékeré lè wà lára ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n ní 2010, Ọ̀jọ̀gbọ́n Femi Adelowo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àkọsílẹ̀ nípa aláìsàn 200 ọmọ Nàìjíríà jáde. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Àrùn tó ṣọ̀wọ́n kì í ṣe àrùn tí kò sí.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣègbéyàwó, ìbéèrè dé: ṣé wọ́n lè bímọ? Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí oyún tó dé ni ká ti sọ̀rọ̀ oògùn. Methotrexate ni wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó dára fún oríkèé, àmọ́ ó lè ba oyún jẹ́, ó sì lè sọ ọmọ inú di aláàbọ̀ ara. Obìnrin gbọ́dọ̀ ti dá a dúró ní oṣù kan sí mẹ́ta kó tó lóyún. Leflunomide náà kò bá oyún rẹ́.

Èyí kò ní ká da gbogbo oògùn nù. Bí àrùn náà bá ń jà nínú oyún, ewu ọmọ tí kò pé oṣù, ọmọ tó kéré jù àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń pọ̀ sí i. Hydroxychloroquine, sulfasalazine pẹ̀lú folic acid, àti prednisolone díẹ̀ wà lára ohun tí dókítà lè fún aláboyún. Ibuprofen àti diclofenac tí à ń rà ní kẹ́mísì bí ẹni ń ra gúgúrú ńkọ́? Láti ọ̀sẹ̀ 20 oyún, wọ́n lè pa kíndìnrín ọmọ lára, kí omi tó yí i ká sì dín kù.

Ní oṣù kẹrin, ìka ẹ̀gbọ́n mi rọ̀. Wọ́n ń ránṣọ láàárọ̀, wọ́n ń kọrin. Wọ́n ní àwọn ti rí ìwòsàn, wọ́n sì dá oògùn dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1938, Philip Hench, dókítà ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé oríkèé àwọn aláìsàn rẹ̀ máa ń rọ̀ bí wọ́n bá lóyún. Wíwá ìdí ìrọ̀rùn yẹn wà lára ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ cortisone, tó fi gba Ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn ní 1950. Lónìí a mọ̀ pé nínú irú aláboyún mẹ́wàá, bíi márùn-ún sí mẹ́fà ni ara máa ń tù. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn oyún kì í ṣe ìwòsàn. Bí ọmọ bá ti dé, ìrora sábà máa ń padà láàárín oṣù mélòó kan.

Ọmọ náà kò tíì pé oṣù méjì tó fi padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ ń ké, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ pọ̀n ọ́n, ọwọ́ wọn kò lè fún ọ̀já. Màmá wa ló bá wọn gbá a. Wọ́n sunkún ju ọmọ lọ. Wọ́n ní ìyá wo ni kò lè pọn ọmọ rẹ̀? A padà sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì fún wọn ní oògùn tí ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn lè lò.

Nítorí náà, bí oríkèé rẹ bá ń gan fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láràárọ̀, tó sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lọ rí dókítà. Bí o bá ti ń lo oògùn rẹ̀, sọ fún un kí o tó lóyún, má sì dá a dúró fúnra rẹ. Ẹ̀yin ọkọ àti ẹbí, ẹ ti ṣètò ẹni tí yóò ran ìyá lọ́wọ́ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbá ọ̀já fúnra wọn báyìí.