Irun Gbòǹgbò àti Iṣẹ́ Kálísíọ́ọ̀mù: Ẹ̀kọ́ láti Ilẹ̀ Ìkirè àti Àpòmù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹni tí ó bá ra dòdò Ìkirè, adùn ẹnu rẹ̀ nìkan ni ó mọ̀. Kì í ronú kan gbòǹgbò tí ó bọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, áńbọ̀sì irun wẹ́wẹ́ tí ó bo gbòǹgbò ọ̀hún. Irun yìí ni mo fẹ́ kí á yẹ̀ wò.

Kí ni irun gbòǹgbò? Kì í ṣe ẹ̀ka gbòǹgbò. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni irun kọ̀ọ̀kan, láti ara awọ gbòǹgbò ni ó sì ti yọ síta. Òun ni ó ń wọ àárín erùpẹ̀ tí gbòǹgbò fúnra rẹ̀ kò lè wọ̀, tí ó ń fa omi àti oúnjẹ wá fún ọ̀gbìn.

Ṣóńṣó orí nìkan ni irun yìí ti ń gùn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀mọlé ti ń fi amọ̀ lé orí ògiri. Àwọn àpò kéékèèké inú sẹ́ẹ̀lì ni ó ń ru amọ̀ náà. Kálísíọ́ọ̀mù sì ni ọ̀gá tí ń pè wọ́n pé, ‘Ibí ni kí ẹ já a sí.’ Ó ń gba ẹnu-ọ̀nà tó wà ní ṣóńṣó wọlé, nítorí náà ó pọ̀ níbẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ. Ní 1992, Schiefelbein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi èyí hàn lára koríko kékeré tí à ń pè ní Arabidopsis. Ní 1997, Bibikova, Zhigilei àti Gilroy fi hàn pé bí kálísíọ́ọ̀mù bá wọlé ní ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, ẹ̀gbẹ́ náà ni irun ń yà sí. Ní 2003, Foreman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé pé irú ọ́síjìn kan tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe ni ó ń ṣí ẹnu-ọ̀nà náà. Ọ̀gbìn tí kò bá lè ṣe é, irun rẹ̀ a kúrú.

Kí ni èyí kàn wá? Nínú ìwé tí Smyth àti Montgomery kọ ní 1962 lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, wọ́n fi orúkọ ìlú Àpòmù pe irú ilẹ̀ yanrìn kan, èyí tí àgbàrá wọ́ wá sí ìsàlẹ̀ òkè. Títí di òní ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀. Yanrìn kò lè di oúnjẹ mú bí amọ̀. Òjò a máa fọ kálísíọ́ọ̀mù lọ. Lóòótọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ni irun gbòǹgbò nílò. Ṣùgbọ́n bí kálísíọ́ọ̀mù bá ti lọ tán, ilẹ̀ a di kíkan, álùmíníọ́ọ̀mù inú rẹ̀ a sì máa dí ẹnu-ọ̀nà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Gbòǹgbò a ràn, ebi a sì máa pa ọ̀gbìn lórí ilẹ̀ tí a rò pé oúnjẹ wà.

Àwọn baba wa kò rí sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé eérú ń ran ọ̀gbìn lọ́wọ́. Kálísíọ́ọ̀mù pọ̀ nínú eérú igi, ó sì ń dín kíkan ilẹ̀ kù. Àmọ́ kò yẹ kí á dà á ní àdàjù, kí ó má baà sé àwọn oúnjẹ mìíràn mọ́ inú ilẹ̀. Ó tún dára kí á jẹ́ kí ewé jíjẹrà bo ilẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ lọ́ irúgbìn kòkó tàbí ata, kí á gbé e tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọn erùpẹ̀ náà dànù, irun gbòǹgbò ni ó já dànù.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, kò sí èyí tí èdè wa kò lè sọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí àgbẹ̀ Ìkirè àti Àpòmù kò bá tíì gbọ́ ọ, a jẹ́ pé àwa tí a mọ èdè ni a kò tíì sọ ọ́.