Bí A Ti Ń Wọn Ìgbì Rédíò Nítòsí Òpó Tẹlifóònù

Láti ọdún 2001 tí tẹlifóònù GSM ti dé ilẹ̀ Nàìjíríà ni àwọn òpó irin gíga ti ń pọ̀ sí i ní ìlú àti ìletò. Àwọn tí ilé wọn súnmọ́ irú òpó bẹ́ẹ̀ a máa béèrè bóyá ohun tí ń ti orí rẹ̀ jáde lè pa ọmọ wọn lára. Ìbéèrè náà tọ̀nà. A kì í sì í fi ẹnu lásán dáhùn rẹ̀. Ìwọ̀n ni a fi í dá a lóhùn.

Ìgbì rédíò ni ohun náà. Ojú kò lè rí i, bẹ́ẹ̀ ni kò ní agbára ìtànṣán tí àwọn oníṣègùn fi í ya àwòrán egungun. Iṣẹ́ tí a mọ̀ dájú pé ó ń ṣe ni pé, bí ó bá pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, a máa mú ẹran ara gbóná. Nítorí èyí ni ìgbìmọ̀ àgbáyé tí a ń pè ní ICNIRP ṣe fi ààlà lélẹ̀ ní ọdún 1998, tí ó sì tún un yẹ̀ wò ní 2020. Fún ìgbì 900 MHz, ààlà ti gbogbo ènìyàn jẹ́ wáàtì 4.5 lórí ojú tí ó fẹ̀ ní mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Fún 1800 MHz, wáàtì 9 ni.

Ẹni tí ń wọn ìgbì a gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta tí a fi igi ṣe, nítorí irin a máa dá ìgbì padà. A pa tẹlifóònù tirẹ̀, kí ó má baà ba ìwọ̀n náà jẹ́. Ní ẹnu ọ̀nà, ní àgbàlá àti ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yóò ti wọ̀n ọ́n, ní gíga mítà 1.1, 1.5 àti 1.7, tí í ṣe ibi tí ara ènìyàn ń dé, yóò sì ṣírò àárín wọn.

Ìdí òpó gan-an kọ́ ni agbára náà pọ̀ sí jù. Iwájú ni ẹ̀rọ orí òpó ń ta ìgbì sí, gẹ́gẹ́ bí iná tọ́ọ̀ṣì. Bí ènìyàn bá sì jìnnà ní ìlọ́po méjì, agbára tí ń kàn án a dín kù di ìdá mẹ́rin. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé ìwọ̀n nítòsí àwọn òpó wọ̀nyí kò ju ìdá 2 nínú 100 ààlà náà lọ. Ewu tòótọ́ wà fún ẹni tí ó bá gun òpó, tí ó dúró síwájú ẹ̀rọ náà gan-an láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ pa á.

Ní ọdún 2011, àjọ IARC ka ìgbì rédíò mọ́ àwọn ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fa àrùn jẹjẹrẹ, nítorí ẹ̀rí díẹ̀ tí kò tíì fìdí múlẹ̀. Ìdí nìyí tí wíwọ̀n fi ṣe pàtàkì.

Ìlú tí òpó bá wà ní àdúgbò rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìwọ̀n náà: ọjọ́ àti wákàtí tí a wọ̀n ọ́n, ibi tí a ti wọ̀n ọ́n, iye tí a rí àti ààlà rẹ̀. Kí wọ́n má sì gbàgbé èéfín àti ariwo jẹnẹrétọ̀ ìdí òpó, tí kò nílò ẹ̀rọ kí a tó mọ̀ ọ́n. Abéèrè kì í ṣìnà.