BÍ OLÓRÍ BÁ ṢE OWÓ ÌLÚ BÁṢUBÀṢU: Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́ LÁRA ÌLÚ DETROIT

Lóṣù yìí, a fẹ́ mú yín rìn díẹ̀ dé ìlú kan lókè òkun. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ilé ti tán lẹ́nu wa o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí bí ilé aládùúgbò ṣe jóná, kò ní fi iná ààrò tirẹ̀ sílẹ̀ láìbojú tó o.

Ìbéèrè kan ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Bí olórí tí a fi ọwọ́ ara wa yàn bá na owó àjọ bó ṣe wù ú, kí ni ká ṣe? Ṣé ká dákẹ́ nítorí pé ọmọ wa ni? Ṣé ká pariwo títí ilé á fi tú? Bó bá sì lọ tán, ta ni yóò jókòó sórí àga rẹ̀, báwo la ó sì ṣe mọ̀ pé ẹni tó ń bọ̀ kò ní burú ju ẹni tó lọ? Gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí ló dojú kọ àwọn ará Detroit ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2008 lọ.

ỌMỌ TÍ ÌLÚ FẸ́RÀN

Detroit wà ní ìpínlẹ̀ Michigan, létí odò tó pààlà sáàárín Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti gbilẹ̀ láyé àtijọ́. Ènìyàn dúdú ló pọ̀ jù nínú ìlú náà. Ní January 2002, Kwame Kilpatrick di méyọ̀ wọn, ìyẹn olórí ìlú. Ọmọ ọdún 31 péré ni. Kò tíì sí méyọ̀ tó kéré tó o rí nínú ìtàn Detroit. Ó ga, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ìyá rẹ̀ Carolyn Cheeks Kilpatrick sì wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ní Washington. Inú ìlú dùn. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti dé ipò.

Kò pẹ́ tí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Lọ́dún 2005, ìwé ìròyìn Detroit Free Press gbé e jáde pé láàárín oṣù 33, ó ti fi káàdì ìnáwó ìlú ná ohun tó lé ní 210,000 dọ́là sórí ìrìn-àjò, oúnjẹ àti ọtí. Wọ́n tún rí i pé wọ́n fi owó ìlú gba ọkọ̀ bọ̀gìnnì kan fún ìlò ìdílé rẹ̀, nǹkan bí 25,000 dọ́là. Ọ̀pọ̀ bínú. Nínú ìbò àkọ́kọ́ ọdún náà, Freman Hendrix ló ṣíwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n méyọ̀ tọrọ àforíjì, ó ní òun ti gbọ́n sí i. Nígbà tí November máa fi dé, ìlú ti forí jì í, wọ́n sì tún un yàn. Àwọn àgbà sọ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹni bá ń tú ìlẹ̀kẹ̀ tà ńkọ́?

BÍ ÀṢÍRÍ ṢE TÚ

Lọ́dún 2003, wọ́n lé igbákejì ọ̀gá ọlọ́pàá kan, Gary Brown, kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀ka tí ó ń darí ń wádìí ìwà àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ méyọ̀. Òun àti Harold Nelthrope, tóun náà jẹ́ ọlọ́pàá, gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù. Wọ́n ní nítorí pé àwọn ṣe ohun tó yẹ ni wọ́n fi fìyà jẹ àwọn.

Ẹjọ́ náà dé iwájú àwọn adájọ́ ará ìlú lọ́dún 2007. Méyọ̀ àti Christine Beatty, tó jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀, gun orí àpótí, wọ́n búra. Wọ́n ní kò sí ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀ kankan láàárín àwọn méjèèjì, wọ́n sì ní àwọn ò lé Brown. Kóòtù kò gbà wọ́n gbọ́. Ní September, wọ́n dá àwọn ọlọ́pàá náà láre, wọ́n ní kí ìlú san mílíọ̀nù 6.5 dọ́là fún wọn.

Méyọ̀ fọ́nnu pé òun ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Àfi bí ó ṣe yí ohùn padà lójijì. Ní October, ó ní kí wọ́n parí ọ̀rọ̀, kí ìlú san mílíọ̀nù 8.4 dọ́là, tí owó ọlọ́pàá kẹta kan wà nínú rẹ̀. Àwọn kánsẹ́lọ̀ fọwọ́ sí i.

Ibí ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ohun tí àwọn kánsẹ́lọ̀ kò mọ̀ ni pé ìwé àdéhùn kan wà lábẹ́ ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Agbẹjọ́rò àwọn ọlọ́pàá ti rí ọ̀rọ̀ tí méyọ̀ àti Beatty ń kọ ránṣẹ́ síra wọn lórí ẹ̀rọ alágbèéká kékeré kan, tó jẹ́ pé owó ìlú ni wọ́n fi ń san án. Ọ̀rọ̀ náà fi hàn gbangba pé irọ́ ni wọ́n pa lábẹ́ ìbúra. Ìwé ìkọ̀kọ̀ yẹn ló ní kí wọ́n tọ́jú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pa mọ́, kí ẹnikẹ́ni má rí i. Ẹ gbọ́ o: owó ará ìlú ni wọ́n fẹ́ fi bo àṣírí ẹnì kan, àwọn aṣojú ìlú sì bu ọwọ́ lù ú láìka gbogbo ìwé tó wà nídìí rẹ̀.

Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ní January 2008, Free Press tẹ àwọn ọ̀rọ̀ náà jáde. Ìwé ìròyìn náà tún lọ sí kóòtù láti gba ìwé àdéhùn ìkọ̀kọ̀ yẹn, ní February sì ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Michigan pàṣẹ pé ìwé ìlú ni, kí wọ́n gbé e jáde. Lórí iṣẹ́ yìí ni wọ́n gba ẹ̀bùn Pulitzer lọ́dún 2009.

ARIWO ÌLÚ

Ìlú pín sí méjì. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ yàrá ni, kí ló kan ìlú? Wọ́n ní àwọn ará ìgbèríko tí kò fẹ́ràn Detroit ló ń wá ìṣubú ọmọ àwọn. Àwọn mìíràn ní rárá o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ yàrá mọ́ nígbà tí mílíọ̀nù 8.4 dọ́là ti bá a lọ, tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ sì ti pàdánù iṣẹ́.

Méyọ̀ kọ́kọ́ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n láti inú ilé ìjọsìn kan, ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ní March, níbi tó ti ń ka ọ̀rọ̀ nípa ipò ìlú, ó yí ohùn padà. Ó ní ẹ̀mí àwọn tó ń pa ènìyàn dúdú láìṣẹjọ́ nígbà àtijọ́ ló wà nínú àwọn tó ń bá òun jà. Ọ̀rọ̀ yìí bí ọ̀pọ̀ nínú, tó fi mọ́ ènìyàn dúdú bíi tirẹ̀. Ìyà tó jẹ àwọn baba wọn kì í ṣe agbòjò tí ènìyàn lè ṣí bo orí ara rẹ̀ lọ́jọ́ tí àṣírí bá tú.

Ní ọjọ́ 18 March, àwọn kánsẹ́lọ̀ dìbò 7 sí 1 pé kó fipò sílẹ̀. Ìbò náà ò ní agbára òfin, kò sì lọ. Lọ́jọ́ 24 oṣù kan náà, agbẹjọ́rò ìjọba ní Wayne County, Kym Worthy, ìyẹn obìnrin dúdú kan, fi ẹ̀sùn ìbúra èké àti dídí ọ̀nà ìdájọ́ kàn án. Àwọn tó ń pe ọ̀rọ̀ náà ní ìjà funfun àti dúdú ò rí èsì fọ̀ mọ́. Ní August, ó sun ẹ̀wọ̀n mọ́jú nítorí pé ó kọjá sí Kánádà láìgba àṣẹ kóòtù. Ní September, gómìnà Jennifer Granholm bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹjọ́ bóyá kí òun yọ ọ́. Lọ́jọ́ 4 September, méyọ̀ jẹ́wọ́. Ó gbà láti fipò sílẹ̀, láti san mílíọ̀nù 1 dọ́là padà fún ìlú, àti láti lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́rin. 99 ọjọ́ ló lò níbẹ̀.

TA NI YÓÒ JÓKÒÓ SÓRÍ ÀGA?

Ẹ̀yin ará, lílé olórí kì í ṣe òpin iṣẹ́. Òfin Detroit ìgbà náà ní ààrẹ ìgbìmọ̀ kánsẹ́lọ̀ ni yóò gba ipò. Báyìí ni Ken Cockrel Kékeré ṣe di méyọ̀ ní September 2008. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bó ṣe gòkè, àga tirẹ̀ ṣófo, ẹni tó sì bọ́ sí i ni igbákejì rẹ̀, Monica Conyers. Ohun tó gbé e dé ibẹ̀ ni pé òun ló ní ìbò ṣìkejì nígbà tí wọ́n yan àwọn kánsẹ́lọ̀. Ní June 2009, Conyers fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lórí iṣẹ́ ìdọ̀tí omi ẹ̀gbin tó tó bílíọ̀nù 1.2 dọ́là, iṣẹ́ tí wọ́n fi ìbò 5 sí 4 gbà wọlé. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n oṣù 37. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó kàn lẹ́yìn méyọ̀ tuntun, òun náà ní àrùn tó lé méyọ̀ àtijọ́ lọ.

Lọ́dún 2009, ìgbà mẹ́rin ni wọ́n pe ìlú jáde láti dìbò méyọ̀: February, May, August àti November. Ó sú àwọn ènìyàn, àwọn tó jáde ò sì pọ̀. Ní May, Dave Bing, agbábọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá tẹ́lẹ̀ tó ti di oníṣòwò irin, na Cockrel pẹ̀lú nǹkan bí 52 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n tún yàn án ní November. Gary Brown tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ náà wọlé sí kánsù lọ́dún yẹn. Àwọn tó bá rò pé olóòótọ́ kì í gbẹ̀san láìja ìjà, ẹ wo ìyẹn.

OWÓ TA NI?

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀ yẹn, èéfín lásán ni. Iná wà lábẹ́ rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ń wádìí lọ, wọ́n sì rí i pé àwọn agbaṣẹ́ṣe tó fẹ́ iṣẹ́ omi ìlú gbọ́dọ̀ pín ọ̀rẹ́ méyọ̀, Bobby Ferguson, mọ́ iṣẹ́ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rí i pé ẹgbẹ́ àánú tí méyọ̀ dá sílẹ̀ ti di àpò ara rẹ̀. Ní March 2013, kóòtù dá a lẹ́bi lórí ẹ̀sùn 24. Ní October, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún 28, Ferguson sì gba 21.

Ọdún 2013 yẹn kan náà, ní July, Detroit kéde pé òun ò lè san gbèsè mọ́. Gbèsè náà tó nǹkan bí bílíọ̀nù 18 dọ́là. A ò ní purọ́ fún yín: ẹnì kan ṣoṣo kọ́ ló jẹ ẹ́. Iṣẹ́ ọkọ̀ ti lọ, ènìyàn ti lọ. Ìlú tó ní 951,270 ènìyàn lọ́dún 2000 ti di 713,777 lọ́dún 2010. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2005, lábẹ́ Kilpatrick, ìlú yá bílíọ̀nù 1.44 dọ́là láti fi dí ihò owó ìfẹ̀yìntì, ẹ̀yáwó yẹn sì wà lára ẹrù tó tẹ ìlú mọ́lẹ̀. Lópin rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n gé owó wọn: 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò, àfikún ọdọọdún sì dópin. Àgbàlagbà tó fi ọgbọ̀n ọdún gbálẹ̀ òpópónà, tí kò mọ méyọ̀ rí, ló san nínú ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé owó ìjọba ò ní olówó, ẹ dá a lóhùn.

Ní January 2021, Ààrẹ Trump gé ẹ̀wọ̀n Kilpatrick kúrú, ó sì jáde. Ariwo tún sọ. Àwọn kan ní ọdún 28 ti pọ̀ jù, pé aláàánú ni Ọlọ́run. Àwọn mìíràn ní ta ló ṣàánú àwọn tó pàdánù owó ìfẹ̀yìntì? Títí di ọjọ́ náà, ìlú kò fohùn ṣọ̀kan.

ẸGBẸ́ TIWA ŃKỌ́?

Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé ìlú kọ́gbọ́n. Lọ́dún 2011, wọ́n dìbò gba òfin ìlú tuntun. Ó dá ọ́fíìsì olùṣèwádìí sílẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa tú ìwà ìbàjẹ́ fó. Ó sì ní kí àwọn kánsẹ́lọ̀ máa yan ààrẹ wọn fúnra wọn, kó má jẹ́ ẹni tí ìbò rẹ̀ bá ṣáà pọ̀ jù.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ ká mú mẹ́rin dání lọ sílé.

Èkíní, bí wọ́n bá gbé ìwé ìnáwó wá sí ìpàdé, ẹ béèrè ìwé tó wà lábẹ́ rẹ̀. Má fọwọ́ sí ohun tí o ò kà.

Èkejì, bí akápò tàbí akọ̀wé bá sọ pé nǹkan kan ò tọ́, ẹ má lé e. Ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀ ná.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá ń yan ààrẹ, ẹ yan igbákejì bí ẹni pé lọ́la ni yóò gba ipò. Ipò igbákejì kì í ṣe oyè ìtùnú.

Ẹ̀kẹrin, ẹ máa wá sí ìpàdé ọdún. Ìgbà tí ilé bá ṣófo ni olè ń rí ọ̀nà wọlé.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí pé láàárín ogún ọdún yẹn, owó àwa mẹ̀kúnnù ni irọ́ á máa ná. Ẹ jẹ́ ká tètè máa béèrè. Bíbéèrè kì í ṣe ọ̀tá ṣíṣe, ìfẹ́ ẹgbẹ́ ni.

Ó di oṣù tó ń bọ̀. Owó wa kò ní ṣègbé o.